Ìyá Múfú Ò Gbọdọ̀ Gbọ́ Pé Mo Wọ Òkun

Ẹ̀yin ará Ọjà'ba tí ẹ ń dá mi dúró lójú ọ̀nà, "Sìdí oní-dúróònù, wọ́n ní o lọ rí òkun, báwo ló ṣe rí?", ẹ má bínú pé ńṣe ni mo máa ń rẹ́rìn-ín tí mo sì ń sá lọ. Kì í ṣe ìgbéraga. Ọ̀rọ̀ náà ò ṣeé sọ lórí ìdúró ni, nítorí irọ́ wà nínú ẹ̀, èmi ni mo sì pa á. Ní báyìí tí ẹni tí mo parọ́ fún ti mọ gbogbo ẹ̀, mo lè jókòó kọ ọ́ fún yín bó ṣe rí gan-an. Ẹ̀rù bà mí láti ọjọ́ tí mo lọ títí di ọjọ́ tí mo dé. Kò tíì kúrò lára mi tán, àní bí mo ṣe ń kọ èyí.

Irọ́

Ẹ mọ iṣẹ́ mi. Èmi ni mo máa ń dúró níwájú Gbọ̀ngàn Mápó pẹ̀lú rìmóòtù lọ́rùn, tí dúróònù mi, kámẹ́rà tó ń fò yẹn, á máa kùn yùnmù lókè àwọn páànù tó ti dípẹtà, láti Bẹẹrẹ títí dé Oríta-mẹ́rin. Ìgbéyàwó ni o, ìsìnkú àgbà ni o, ṣíṣí mọ́sálásí tuntun ni o, èmi lẹ ń pè. Ó ti pé ọdún mẹ́jọ tí mo ti ń ya orí ilé yín láti òkè. Mo mọ ẹni tí páànù ẹ̀ ń jò.

Ohun kan wà nípa dúróònù tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀, torí òun ló kó bá mi. Bọ́tìnì kan wà lára rìmóòtù ẹ̀ tí wọ́n ya àwòrán ilé sí. Bí bátìrì bá ń kú lọ, tàbí tí èèyàn ò bá mọ ibi tí nǹkan náà wà mọ́ lófuurufú, kó sáà tẹ bọ́tìnì yẹn. Dúróònù á fúnra ẹ̀ padà síbi tó ti gbéra, á bà síbẹ̀ jẹ́jẹ́. Ní Mápó, tí mo bá ti tẹ̀ ẹ́ báyìí, màá káwọ́ gbera, màá máa bá àwọn ọlọ́kadà ṣàwàdà. Orí sìmẹ́ńtì kan náà, létí ibi tó là, ló máa ń bà sí. Ó ti mọ́ mi lára tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò kì í wò ó mọ́.

Ìyá mi ńkọ́? Aránṣọ ni, ní Bẹ́yẹrúnkà. Bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ ní ọ̀nà tóóró tó lọ sílé wa, ẹ ó gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ ẹ̀ kí ẹ tó rí òun fúnra ẹ̀. Ìyá Múfú ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Múfútàù ni ẹ̀gbọ́n mi, àkọ́bí ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni, èmi sì wà lẹ́yìn ìyá mi, lọ́jọ́ tí òjò ńlá kan rọ̀ tí odò ẹ̀yìn agbo ilé wa kún àkúnya. Bàtà rọ́bà ẹ̀ ẹyọ kan ló bọ́ sómi, ló bá lọ mú un. Kò sẹ́ni tó rí i nígbà tí omi gbé e. Bàtà yẹn ni wọ́n rí lọ́jọ́ náà. Òun fúnra ẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Ẹ mọ bá a ṣe ń ṣe lọ́dọ̀ wa. Tí àkọ́bí bá kú, àwọn èèyàn á rọra yí orúkọ ìyá ẹ̀ sí ti ọmọ tó kù, kí wọ́n má baà máa fọwọ́ kan ojú egbò. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìyá mi, wọ́n pè é ní Ìyá Sìdí. Kò dáhùn. Tí wọ́n bá ti pè é bẹ́ẹ̀, á kàn máa ránṣọ ẹ̀ lọ bíi pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń bá wí, títí tó fi sú wọn tí wọ́n padà sí Ìyá Múfú. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ síta lónìí: ó máa ń dùn mí wọra. Èmi tí mo wà láyé, tí mò ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún un, tí mò ń gbá ojúlé ẹ̀, ìyá mi ò fi orúkọ mi dáhùn rí.

Nǹkan kan ṣoṣo ni ìyá mi bẹ̀ mí láyé yìí. Kí n má wọ ọkọ̀ ojú omi láéláé. "Mi ò lè fún omi lọ́mọ méjì, Sìdí." Mo ti ṣèlérí fún un lójú ara ẹ̀, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan.

Nígbà tí àwọn kan wá pè mí láti Èkó pé àwọn fẹ́ kí n ya etí òkun Ìlàjẹ láti òkè, ibi tí òkun ti ń jẹ ilẹ̀ lọ, mo ti gbà kí n tó ronú. Ó wù mí. Orí páànù ti sú mi. Mo sọ fún ìyá mi pé ìgbéyàwó ni mò ń lọ yà l'Ákùúrẹ́, ọlọ́jọ́ márùn-ún.

"Ìgbéyàwó ọlọ́jọ́ márùn-ún! Àwọn ará Àkúrẹ́ mà ráyè o."

Ó ní kí n dúró. Ó gé aṣọ yẹ́lò kan lára èyí tó kù nílẹ̀, ó fi aláwọ̀ ewé yí i létí, ó rán an ní ìbòrí fún mi lójú ẹsẹ̀. "Wé e dáadáa, kí oòrùn Àkúrẹ́ má pa ẹ́." Mo wé e. Mi ò lè wojú ẹ̀ nígbà tí mò ń jáde.

Ilẹ̀ tán

Ohùn òkun ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Mo rò pé tírélà ló ń bọ̀ lẹ́yìn, mo kúrò lójú ọ̀nà fún un. Kò sí tírélà. Mo tún rìn díẹ̀, mo tún gbọ́ ọ, mo tún yà. Ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn mi á ti rò pé orí mi ò pé.

Nígbà tó yá, ilẹ̀ tán. Mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé ẹ̀ fún ẹni tó ń gbé orí òkè bíi tiwa. Ọ̀nà kàn parí ni, pákó sì bẹ̀rẹ̀, pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n tò sórí òpó, omi dúdú nísàlẹ̀ ẹ̀, àwọn ilé náà sì wà lórí òpó lọ́tùn-ún lósì. Àwọn ọmọdé ń sáré lórí pákó yẹn bí ẹni ń sáré ní pápá. Èmi? Mo rákò. Mo so báàgì dúróònù mọ́ ẹ̀yìn, mo fi ọwọ́ àti orúnkún rìn, mo ń wí fún ara mi pé afárá kì í ṣe ọkọ̀ ojú omi, mi ò tíì yẹ àdéhùn.

Ẹsẹ̀ obìnrin kan dúró níwájú mi. Mo gbójú sókè. Obìnrin tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó dé akẹtẹ̀, apá ẹ̀ le ju ti ọkùnrin lọ.

"Ṣé ìwọ ni ọmọ Ìbàdàn tó ní ẹyẹ?"

"Èmi ni, mà. Ẹ kúulé o, mà."

"Kí ló wá dé tó o fi ń rákò? Ṣé ẹyẹ náà ń gùn ẹ́ ni?"

Màmá Ẹ̀bùn nìyẹn, ẹni tí àwọn ará Èkó ní kó gbà mí lálejò. Gbogbo àwọn tó wà lójú fèrèsé ló rẹ́rìn-ín, ojú tì mí, àmọ́ ó ti di ọrùn ọwọ́ mi mú. Bí ìṣesí wọn ṣe rí níbẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ bá ẹ sọ̀rọ̀ lórí pákó, á kọ́kọ́ dì ẹ́ lọ́wọ́ mú kó tó kí ẹ. Lọ́dọ̀ wa, àjèjì tó bá dì mí lọ́wọ́ mú, ariwo ni màá fi bọnu. Níbẹ̀, tí wọ́n bá ti fi mí sílẹ̀, ọkàn mi á já.

Wọ́n ń sọ Yorùbá, èmi náà ń sọ Yorùbá, síbẹ̀ tí wọ́n bá yára, díẹ̀díẹ̀ ni mò ń bá wọn gbọ́. Wọ́n ní kí n tún "ẹ kúulé" sọ. Wọ́n ní ohùn mi ń falẹ̀ bí ohùn ẹni tó jẹun yó.

Yàrá tí wọ́n fún mi mọ́ tónítóní. Àmọ́ àlàfo wà láàárín pákó ilẹ̀ ẹ̀, mo sì ń rí omi láti inú àlàfo yẹn, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Mo tẹ́ ẹní mi lé e lórí kí n má baà rí i. Kí ni ìyẹn ṣe? Mo ṣì ń gbọ́ ọ.

Lẹ́yìn ìrun Àsárì, ìyá mi pè mí.

"Sìdí, ṣé o ti jẹun? Kí ló ń hó bẹ́ẹ̀ yẹn?"

"Jẹnẹrétọ̀ ni, Màámi."

"Jẹnẹrétọ̀ wo ló ń mí sókè mí sílẹ̀ báyìí?"

"Ó ti gbó ni."

"Kí wọ́n gbé e kúrò nítòsí ẹ o. Èéfín ẹ̀ ò dáa."

Púpurú

Mi ò ní parọ́ nípa oúnjẹ wọn, irọ́ tí mo ti pa ti tó. Púpurú ni Màmá Ẹ̀bùn fi gbà mí lálejò, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n yí roboto tí wọ́n sì fi èéfín yan kí wọ́n tó gún un, kí wọ́n tó rò ó. Ọbẹ̀ dúdú kan tí wọ́n ń pè ní marúgbó ló fi tì í, ẹja tútù ńlá wà nínú ẹ̀, orí ẹja náà dojú kọ mí. Òkèlè àkọ́kọ́, èéfín ni mo gbọ́ lẹ́nu, mo fẹ́ tu ú. Òkèlè kejì, mo dákẹ́. Ní òkèlè karùn-ún, mo ti tẹ̀ síwájú lórí àpótí mi, mo sì ń lá ìka. Màmá Ẹ̀bùn ń wò mí, ó ń mi orí.

"Kí ni wọ́n ń pe ìyá ẹ nílé?"

"Ìyá Múfú, mà."

"Múfú ni ẹ̀gbọ́n ẹ?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni. Omi gbé e lọ nígbà tí mo wà ní ọmọ ọwọ́."

Ó gbé ọwọ́ kúrò nínú abọ́. Kò sọ ohun tí àwọn èèyàn sábà máa ń sọ. Ó kàn ní, "Ìyá ẹ wá gbà kó o wá sọ́dọ̀ wa?"

Mo tẹjú mọ́ orí ẹja náà. Ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ìyá mi ò gbọ́ sí i. Ó fọ ọwọ́, ó mú mi jáde sẹ́yìn ilé, ó nawọ́ sí òkun. Òpó kan ṣoṣo ló dá dúró nínú omi lọ́hùn-ún, tí ìgbì ń gbá. Ó jìnnà sí ilẹ̀ tó ìrìn láti Mápó sí Bẹẹrẹ.

"Ilé mi nìyẹn," ó wí. "Ibẹ̀ ni mo ti bí ọmọ márùn-ún. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ti kó sẹ́yìn fún omi yìí. Àwọn ọmọ mi tó wà l'Ékòó, tí mo bá sọ fún àwọn ọmọ wọn pé ilé wà níbẹ̀ rí, ńṣe ni wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín. Bá mi ya òpó yẹn kí ó tó lọ. Bá mi yà á kí wọ́n rí bó ṣe jìnnà tó."

Mo wo òpó yẹn. Ó ti dagun sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Afẹ́fẹ́

Mo rò pé màá dúró lórí iyanrìn ya gbogbo ẹ̀ ni. Ṣebí dúróònù ló ń fò, kì í ṣe èmi. Ní ọjọ́ kejì mo gbé e sókè láti etí omi, ó gbéra dáadáa, mo sì ya àwọn ará abúlé bí wọ́n ṣe ń sá edé, mo ya ọkọ̀ tí wọ́n dojú ẹ̀ délẹ̀, mo ya ìgbì tó ń wọ́ ìdọ̀tí wá sílẹ̀. Mo darí ẹ̀ sí òpó.

Ẹ̀yin ará mi, afẹ́fẹ́ òkun kì í ṣe ẹgbẹ́ afẹ́fẹ́ Mápó. Kò ní ìsinmi. Dúróònù náà ń tiraka, ó ń fì sọ́tùn-ún sósì, rìmóòtù ń kígbe lọ́wọ́ mi. Mo wo ojú fóònù tí mo fi ń rí ohun tó ń rí, omi ni. Mo yí kámẹ́rà, omi ni. Ní Ìbàdàn, tí mo bá sọnù lófuurufú, màá wá mọ́sálásí, màá wá páànù aláwọ̀ búlúù ilé kan, màá mọ ibi tí mo wà. Níbí, kò sí nǹkan kan tí ojú lè dì mú. Díẹ̀ ló kù kí bátìrì tán nígbà tó wálé, iyọ̀ ti bo ojú kámẹ́rà bámúbámú, òpó náà ò sì hàn nínú ohun tí mo yà.

Màmá Ẹ̀bùn ní, "Ó kù ká gbé ẹyẹ ẹ dé ìdí ẹ̀."

"Pẹ̀lú kí ni, mà?"

Ó wo ọkọ̀ ẹ̀. Mo ní rárá. Mo sọ ọ́ débi tí mo fẹ́ẹ̀ yájú sí i. Kò bá mi jiyàn.

Ọjọ́ kẹta mọ́, òkun tòrò. Àwọn ará Èkó ti pè mí, wọ́n ní ohun tí àwọn fẹ́ jù ni kí n ya abúlé náà láti ojú omi wá. Mi ò ní fi wọ́n ṣàwáwí. Òpó yẹn ni mo wò. Ó ti dagun ju ti àná lọ, Màmá Ẹ̀bùn sì jókòó sí ọ̀ọ́kán ẹ̀ létí omi, ó ń wò ó bí ẹni ń ṣọ́ aláìsàn. Mo gbọ́ tí ẹnu ara mi ń sọ pé, "Màmá, ẹ jẹ́ ká lọ." Kò sẹ́ni tó tì mí. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe.

Òpó

Wọ́n wọ ẹ̀wù rọ́bà tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì fún mi. Mo ní kí wọ́n dè é le sí i, wọ́n dè é, mo ní kí wọ́n tún dè é títí mi ò fi lè mí dáadáa. Inú ọkọ̀ ni mo jókòó sí, nísàlẹ̀ pátápátá, mo di etí ẹ̀ méjèèjì mú. Màmá Ẹ̀bùn ló ń wà á. Ní gbogbo ìgbà tí ìgbì bá gbé wa, mo máa ń ké "Láìláhà", tó bá sì tún sọ̀ wá kalẹ̀, màá parí ẹ̀. Mò ń rò ó lọ́kàn pé: tí mo bá kú síbí, orí fóònù ni ìyá mi á ti gbọ́ pé mi ò sí l'Ákùúrẹ́.

A dé ìdí òpó. Ó fi okùn so ọkọ̀ mọ́ ọn. Mo gbé dúróònù lé iwájú ọkọ̀, mo gbé e sókè.

Ohun tí mo rí lójú fóònù, mi ò rí irú ẹ̀ rí. Òpó yẹn kéré títí ó fi di àmì kan. Abúlé náà wọlé sójú kámẹ́rà, lẹ́yìn ẹ̀ sì tún ni omi mìíràn, irà gbalasa. Omi níwájú wọn, omi lẹ́yìn wọn, ilẹ̀ tí wọ́n dúró lé láàárín ò fẹ̀ ju okùn ìbàǹtẹ́ lọ. Mo gbé e han Màmá Ẹ̀bùn. Kò tíì rí ìlú ẹ̀ láti òkè rí. Ó wò ó pẹ́.

"Ibi tá a kù sí nìyẹn?" ó wí. "Ìyẹn nìkan?"

Omi bẹ̀rẹ̀ sí í ru díẹ̀, ọkọ̀ ń gbá òpó. Màmá Ẹ̀bùn tú okùn kí òpó má baà fọ́ ọkọ̀ wa. Ó sọ fún mi. Mo ní "ẹ ṣé, mà" láì gbójú kúrò lójú fóònù. Mi ò tilẹ̀ gbọ́ ohun tó sọ. Mo ń ya, mo ń ya. Nígbà tí rìmóòtù wá bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe pé bátìrì ń kú lọ, mo ṣe ohun tí mo ti ń ṣe láti ọdún mẹ́jọ ní iwájú Gbọ̀ngàn Mápó. Mo tẹ bọ́tìnì alámì ilé, mo sì káwọ́ gbera.

"Ọmọ Ìbàdàn," Màmá Ẹ̀bùn pè mí. "Ẹyẹ ẹ ń lọ síbòmíràn."

"Ó ń bọ̀ wálé ni, mà."

"Ilé wo? Ìdí òpó ló lọ o."

Mo gbójú sókè. Yéè! Òpó yẹn ti jìnnà sí wa. Omi ti gbé wa lọ láti ìgbà tó ti tú okùn. Dúróònù mi ò mọ̀ pé ọkọ̀ ń rìn, ibi tó ti gbéra ló mọ̀, ibẹ̀ ló sì padà sí, ó ń sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́ sórí omi bí ó ṣe máa ń sọ̀ kalẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì mi. Ilẹ̀ kì í kúrò níbi tó wà ní Mápó. Kò sọ sí mi lọ́kàn rí pé ẹsẹ̀ mi lè kúrò níbi tí mo dúró sí láì jẹ́ pé mo rìn.

Màmá Ẹ̀bùn wà á, ó wà á, ó ń mí hẹlẹ. Mo gba ìdarí dúróònù padà, mo dá a dúró lókè omi, bí gíga àjà ilé. A súnmọ́ ọn. Gbogbo iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta wà nínú ẹ̀. Mo ju rìmóòtù sílẹ̀, mo dìde lórí ẹsẹ̀ méjèèjì, èmi tí mo ti ń jókòó mọ́lẹ̀ láti àárọ̀, mo na ọwọ́ sí i.

Ọkọ̀ yẹ̀ lábẹ́ mi.

Mi ò lè kọ bó ṣe rí nísàlẹ̀ omi. Iyọ̀ wọ imú mi. Mi ò mọ òkè, mi ò mọ ilẹ̀. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni bàtà rọ́bà ẹyọ kan tí ìyá mi ṣì so mọ́ ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn ẹ̀, mo sì ń sọ nínú ara mi pé, méjì, méjì, méjì. Ẹ̀wù yẹn gbé mi sókè, orí mi gbá nǹkan, ìdí ọkọ̀ ni. Mo tún rì. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ kan di ẹ̀yìn ọrùn mi mú.

Ẹ gbọ́ ohun tí Màmá Ẹ̀bùn ṣe. Ó fà mí dé etí ọkọ̀, ó dá mi dùbúlẹ̀ sínú ẹ̀, ó sì gbójú sókè. Bátìrì ti kú tán, dúróònù ń já bọ̀. Ó fa àwọ̀n onígi tí wọ́n fi ń gbọ́n edé jáde lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, ó nà án, ó gbọ́n dúróònù mi látòkè.

"Edé Ìbàdàn nìyí," ó wí, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Èmi ń bì. Ìbòrí mi ti bọ́ lórí, ìgbì ti gbé e lọ.

Lẹ́yìn ìrun Àsárì, ìyá mi pè.

"Kí ló ṣe ohùn ẹ?"

"Ọ̀fìnkìn ni, Màámi."

"Ṣé ò ń wé ìbòrí ẹ?"

Omi bọ́ lójú mi. "Mo fọ̀ ọ́, mà. Mo sá a sóòrùn."

Bẹ́yẹrúnkà

Nígbà tí mo délé, mo kí ìyá mi lórí ìkúnlẹ̀, mo wọ yàrá, mo fi ọwọ́ kan ògiri. Kò mì. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Ọjọ́ mélòó kan ni mo fi wà lórí kọ̀ǹpútà, tí mò ń gé fídíò náà, tí mò ń tò ó. Iṣẹ́ burúkú ni. Ẹ óò wo nǹkan kan náà lọ́nà ogún kí ẹ tó mọ ibi tí ọ̀bẹ á bà. Mo tún àwọ̀ omi ṣe, mo gé ibi tí afẹ́fẹ́ ti gbọ̀n ọ́n, mo fi òpó Màmá Ẹ̀bùn ṣe ìbẹ̀rẹ̀. Láti òkè, òkun yẹn lẹ́wà púpọ̀. Èyí ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ẹni tó bá wò ó nínú yàrá ò ní mọ̀ pé nǹkan náà lè pa á.

Àmọ́ nígbà tí mo ju rìmóòtù sílẹ̀, kámẹ́rà ò dúró. Ó ń ya, ó dojú kọlẹ̀ tààrà. Gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Mo gé e kúrò nínú ti àwọn ará Èkó. Ó yẹ kí n pa á rẹ́. Mo gbé ọwọ́ lé e láti pa á rẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, dípò bẹ́ẹ̀ ńṣe ni mò ń wò ó láì gbé ohùn ẹ̀ sókè, tí ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá mi ń dún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń wò ó, mo wá ṣàkíyèsí pé ẹ̀rọ ìránṣọ ti dákẹ́. Mi ò mọ ìgbà tó dákẹ́.

"Àkúrẹ́ nìyẹn?" ìyá mi bi mí lẹ́yìn.

Ọwọ́ mi ò lè tẹ nǹkan kan. Fídíò náà ń lọ. Ọkọ̀ kékeré kan wà lórí omi, aláwọ̀ yẹ́lò kan dìde nínú ẹ̀, ọkọ̀ yẹ̀. Aṣọ yẹ́lò náà tẹ́ sórí omi, etí ẹ̀ aláwọ̀ ewé yọ kedere.

"Ìbòrí tí mo rán nìyẹn." Ó súnmọ́ ọn. "Orí tó wà lábẹ́ ẹ̀ dà?"

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́..."

"Orí ẹ dà, Sìdí?"

Kò sí nǹkan kan lórí omi yàtọ̀ sí aṣọ. Ó pẹ́. Mo ti kà á, èémí mọ́kànlá ni. Lẹ́yìn náà ni nǹkan dúdú kan yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, apá kan nà sí i, ó dì í mú, ó fà á, ó fà á, ẹsẹ̀ mi méjèèjì sì jáde kúrò nínú omi.

Mo ń retí ìgbájú. Mo ń retí kí ó ké kí gbogbo Bẹ́yẹrúnkà gbọ́. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi.

"Tún un ṣe," ó wí.

"Màámi, mo tọrọ àforíjì, mo bẹ̀ yín..."

"Mo ní kó o tún un ṣe. Láti ibi tí ọwọ́ yẹn ti dì ẹ́ mú."

Mo tún un ṣe. Ó tún ní kí n tún un ṣe. Mi ò mọ iye ìgbà. Ó tẹ ojú mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, kì í ṣe èmi ló ń wò.

"Kò sẹ́ni tó rí ti Múfútàù. Èmi ni mo ń fojú inú wò ó láti ọjọ́ náà. Mo ń wò ó tí mo bá ń fọ abọ́, mo ń wò ó tí òjò bá ṣú. Ó máa ń wọ inú omi yẹn. Gbogbo ìgbà ló ń wọ̀ ọ́. Kò jáde rí." Ó fi etí ìró nu ojú. "Irọ́ tó o pa fún mi, a ṣì máa sọ ọ́, má rò pé mo ti gbàgbé. Ṣùgbọ́n jẹ́ n wo ẹni tó jáde ná."

Mo tún un ṣe.

Nígbà tó yá, ó ní, "Obìnrin tó ni apá yẹn, ṣé o ní nọ́ńbà ẹ̀?"

Mo pè é, mo gbé fóònù fún un. Mo gbọ́ ohùn òkun nínú fóònù kí n tó gbọ́ ti Màmá Ẹ̀bùn. Ìyá mi náà gbọ́ ọ. Ó wò mí, mo mọ̀ pé jẹnẹrétọ̀ ló rántí.

"Ẹ káàsán o, mà," ìyá mi wí.

"Òo, ẹ káàsán. Ta ló ń sọ̀rọ̀?"

Ìyá mi wo ojú kọ̀ǹpútà, níbi tí fídíò ti dúró sí, tí ẹsẹ̀ mi méjèèjì wà lókè omi.

"Ìyá Sìdí ni," ó wí. "Láti Ìbàdàn. Mo ní kí n dúpẹ́ ni."